Wáìnì Tí Kò Kan Rárá, Ẹ Gbé E Kúrò Níwájú Mi

Ẹ dé òde àríyá kankan ní Èkó tàbí Ìbàdàn, kí ẹ wo orí tábìlì àwọn ìyá ìyàwó. Láàárín ike omi àti agolo mọ́ọ̀tì, ìgò Four Cousins pupa kan kò ní ṣàì wà níbẹ̀, tí yìnyín ṣì ń yọ́ lára rẹ̀. Ó dùn, owó rẹ̀ kò ga ju apá lọ, ẹni tí kì í mutí pàápàá lè mu ife kan láìfajúro. Ilé iṣẹ́ Van Loveren ní àfonífojì Robertson, Gúúsù Áfíríkà, ló ń ṣe é. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ ẹbí Retief, tí bàbá wọn jẹ́ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ló gbé e jáde ní ọdún 2000, àwọn náà ni orúkọ ara ìgò ń tọ́ka sí. N kò ní bú u. Ìgò yẹn ló fi han ọ̀pọ̀ nínú wa pé wáìnì kì í ṣe ohun tí à ń fi gba ara Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì nìkan.

Ṣùgbọ́n àṣà kan ti bá a wọlé, òun ni mo fẹ́ bá jà: èrò pé bí wáìnì bá ṣe dùn tó náà ló ṣe dára tó. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù ọtí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹni tó ń tajà máa bi yín. "Ṣé èyí tó dùn ni àbí èyí tó korò?" Bí ẹni pé Ọlọ́run kò dá ohun mìíràn mọ́ ahọ́n. Èmi ní òṣùwọ̀n tèmi. Kí ó kan. Kí ó kan bí agbálùmọ̀ tó pọ́n dáadáa ṣe máa ń kan: adùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kíkan yẹn ló ń jẹ́ ká tún na ọwọ́ sí ìkejì. Gbogbo ìgò tí mo yàn láàyò, olówó ńlá àti olówó pọ́ọ́kú, pupa àti funfun, ohun tó so wọ́n pọ̀ nìyí. Gúúsù Áfíríkà ni mo sì ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó yé. Bí èso àjàrà ṣe ń pọ́n lórí igi, ṣúgà inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, kíkan inú rẹ̀ ń dín kù. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fún un tán, ìwúkàrà á jẹ ṣúgà náà, á sì sọ ọ́ di ọtí. Níbi tí oòrùn bá ti mú jù, àjàrà á tètè pọ́n, ọtí rẹ̀ á le, kíkan á ti bá ooru lọ. Irú wáìnì bẹ́ẹ̀ máa ń wúwo lẹ́nu, ife kejì kì í tán kó tó sú ni. Ẹ fi ẹnu ara yín dán an wò. Ẹ gbé díẹ̀ mì, kí ẹ dákẹ́ díẹ̀. Bí itọ́ bá ń sun lábẹ́ ahọ́n, kíkan ló fà á. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá gbẹ tí ahọ́n sì fẹ́ lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, ara èèpo àti kóró àjàrà ni ìyẹn ti wá, wáìnì pupa ló sì pọ̀ nínú rẹ̀ jù. Bí ọ̀nà ọ̀fun bá gbóná, ọtí ni. Ẹni tó bá lè ya nǹkan wọ̀nyí sọ́tọ̀ lẹ́nu ara rẹ̀ ti mọ wáìnì tọ́ wò. Òórùn òdòdó àti òórùn èso tí àwọn onímọ̀ ń to lẹ́sẹẹsẹ lè dúró ná.

Ẹnì kan á ní, ṣé Áfíríkà tí à ń sọ yìí kò gbóná ni? Ó gbóná o. Òkun ló ko ìyẹn lójú. Ìṣàn omi tútù kan tó ń jẹ́ Benguela ń gba etí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà gòkè láti gúúsù, òtútù rẹ̀ sì ń wọ inú ọgbà àjàrà tó wà nítòsí òkun. Atẹ́gùn líle kan tún wà tó ń fẹ́ láti gúúsù-ìlà-oòrùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn ará Cape Town ń pè ní Cape Doctor. Òtútù òkun yìí ló mú kí Tim Hamilton Russell lọ ra ilẹ̀ ní ọdún 1975 ní àfonífojì Hemel-en-Aarde, lẹ́yìn ìlú Hermanus, kí ó lè gbin Pinot Noir àti Chardonnay síbẹ̀. Pinot Noir ò bá ooru ṣọ̀rẹ́ rárá. Chardonnay ibẹ̀ wà lára àwọn tí mo máa ń tọ́jú de ọjọ́ ọdún. Àmọ́ kì í ṣe òun ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀.

Chenin Blanc ni. Àfonífojì odò Loire nílẹ̀ Faransé ló ti wá, níbi tí wọ́n ti ń fi ṣe Vouvray, ṣùgbọ́n lónìí kò sí orílẹ̀-èdè tí ó pọ̀ sí tó Gúúsù Áfíríkà. Faransé tó bí i kò tó o. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń pè é ní Steen láìmọ̀ pé Chenin kan náà ni. Wọn kò kà á sí. Ó ń so wọ̀ǹtìwọnti, oòrùn kì í tètè lé kíkan rẹ̀ lọ, nítorí náà wọ́n ń fi pọn bùráńdì, wọ́n sì ń fi ìyókù ṣe wáìnì olówó pọ́ọ́kú. Nígbà tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kógbá sílé, tí ọjà òkèèrè sì ṣí sílẹ̀, Cabernet, Chardonnay àti Sauvignon Blanc ni àwọn oníbàárà ń béèrè. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í hú Chenin kúrò.

Ká ní obìnrin kan tó ń jẹ́ Rosa Kruger kò rìn kiri ni, wọn ì bá ti hú èyí tó dára jù dànù. Ìyá yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn ọgbà àjàrà tó ti dàgbà, láti oko dé oko, ó ń kọ ọdún tí wọ́n gbìn wọ́n sílẹ̀. Iṣẹ́ náà ló di Old Vine Project. Àjàrà tó bá ti pé ọdún 35 sókè ni wọ́n ń kà sí àgbà, àti láti ọdún 2018 ni àmì kan ti ń wà lára ìgò tí wọ́n bá fi irú àjàrà bẹ́ẹ̀ ṣe, tí wọ́n kọ ọdún tí wọ́n gbìn ín sí. Mo fẹ́ràn àmì yẹn ju gbogbo mẹ́dàlì wúrà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò kiri. Ẹnikẹ́ni lè sanwó wọ ìdíje, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè sanwó kí igi rẹ̀ di ẹni ogójì ọdún lọ́la.

Kí ni ọjọ́ orí igi kan wáìnì? Igi àgbà kì í so púpọ̀ mọ́. Ìwọ̀nba èso tó bá so ni gbogbo agbára rẹ̀ ń bá lọ, gbòǹgbò rẹ̀ sì ti jìn débi tí ọ̀dá ọdún kan kò fi ní mì ín. Ní Swartland, àríwá Cape Town, tó jẹ́ ilẹ̀ oko àlìkámà, ọ̀pọ̀ irú igi wọ̀nyí dá dúró nínú oko, kò sí wáyà tó gbé wọn ró, kò sẹ́ni tó ń bomi rin wọ́n. Ibẹ̀ ni Eben Sadie ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wáìnì tirẹ̀, tí Columella, wáìnì pupa rẹ̀, kọ́kọ́ ti ìkórè ọdún 2000 jáde. Funfun rẹ̀ tó ń jẹ́ Palladius, tí Chenin jẹ́ òpómúléró rẹ̀ láàárín oríṣiríṣi àjàrà mìíràn, ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún ẹni tó bá ní wáìnì funfun kò ju omi aládùn lọ. Òórùn oyin wà nínú rẹ̀, ẹ ó sì máa retí pé adùn ń bọ̀. Kò ní wá. Kíkan tó mọ́ gaara ló máa gba ẹnu yín, á sì wà níbẹ̀ títí ẹ ó fi gbàgbé pé ẹ ti gbé e mì.

Owó rẹ̀ kì í ṣe owó ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Fún ọjọ́ lásán, Petit Chenin tí Ken Forrester ń ṣe ní Stellenbosch tó mi. Gúáfà àti ápù tútù ni mo máa ń gbọ́ nínú rẹ̀, kíkan rẹ̀ sì mú ṣáṣá. Ọkùnrin kan náà ló ń ṣe The FMC, tó wọ́n jù ú lọ dáadáa, tí wọ́n tọ́jú sínú àgbá igi, tí ṣúgà díẹ̀ sì ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Àwọn tó mọ wáìnì jù mí lọ máa ń yin FMC. Èmi á mu ife kan nínú rẹ̀, n ó sì padà sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Pinotage ló ṣòroó sọ láìjà. Ní ọdún 1925, Abraham Perold, ọ̀jọ̀gbọ́n àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ àjàrà ní Yunifásítì Stellenbosch, mú Pinot Noir ẹlẹgẹ́ àti Cinsaut tó lè fara da ooru, ó fi òdòdó ọ̀kan gba ti èkejì. Kóró mẹ́rin ló rí níbẹ̀. Ó gbìn wọ́n sí ọgbà ilé tó ń gbé. Kò pẹ́ tó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí ẹgbẹ́ àwọn alájàrà tó ń jẹ́ KWV, igbó sì bo ọgbà náà. Ọjọ́ tí wọ́n ran àwọn òṣìṣẹ́ lọ ro ó, olùkọ́ ọ̀dọ́ kan, Charlie Niehaus, ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá lọ. Ó mọ ohun tó wà nínú igbó yẹn, òun ló sì gba àwọn irúgbìn náà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ́. Wáìnì ìkórè 1959 láti oko Bellevue ló kọ́kọ́ sọ Pinotage di ẹlẹ́yẹ nínú ìdíje, Lanzerac ló sì kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sára ìgò ní 1961.

Èyí tí wọ́n kò bá ṣe dáadáa nínú rẹ̀ ń rùn bí ọ̀dà èékánná, nígbà mìíràn bí rọ́bà tó ń jó. Àwọn kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í sun pákó inú àgbá débi tí wáìnì fi ń rùn bíi kọfí. Ilé iṣẹ́ Diemersfontein ló sọ ìyẹn di olókìkí, ó sì ń tà wàràwàrà. N kò mọ ohun tí kọfí ń wá níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọfí, kó lọ gbé omi kaná. Pinotage tí mo gbà fún ni ti Kanonkop, lẹ́sẹ̀ òkè Simonsberg, níbi tí wọ́n ṣì ń lo kòtò oníkọnkéré tó ṣí lókè, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ọwọ́ ti èèpo àjàrà padà sísàlẹ̀ tọ̀sán tòru. Òun ni Beyers Truter fi di ẹni tí wọ́n yàn ní olùṣe wáìnì tó mókè jù ní ìdíje àgbáyé kan ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1991. Nígbà tó bá wà ní tuntun, ẹnu á gbẹ. Bí ẹ bá lè fi í pamọ́ síbi tó tútù títí ọdún mẹ́wàá, kíkan ìsàlẹ̀ rẹ̀ á wá yọjú, pẹ̀lú adùn èso pupa tí ẹ kò fura sí tẹ́lẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé mo kórìíra adùn. Ìgò tó dùn jù tí mo mọ̀ wà lára àwọn àyànfẹ́ mi. Simon van der Stel, gómìnà àwọn ará Hólándì, gba ilẹ̀ ńlá kan lẹ́yìn Table Mountain ní ọdún 1685, ó pè é ní Constantia. Lẹ́yìn tí Hendrik Cloete rà á ní 1778 ni òkìkí wáìnì aládùn ibẹ̀ kàn dé ààfin àwọn ọba Yúróòpù. Napoleon ń mu ún ní ìgbèkùn lórí erékùṣù Saint Helena. Nínú ìwé ìtàn Jane Austen tó jáde ní 1811, Sense and Sensibility, wọ́n gbé ife rẹ̀ wá fún ọ̀dọ́bìnrin tí olólùfẹ́ rẹ̀ já sílẹ̀. Àrùn àjàrà àti gbèsè ló pa á níkẹyìn: ìjọba ra Groot Constantia ní 1885, wáìnì náà sì di ìtàn. Nígbà tó di 1980, Duggie Jooste ra Klein Constantia, apá kan nínú ilẹ̀ àtijọ́ yẹn. Ó tún àjàrà Muscat gbìn, ìkórè 1986 ló sì kọ́kọ́ bá orúkọ Vin de Constance padà wá.

Orí igi ni wọ́n ń fi àjàrà rẹ̀ sí títí yóò fi sunkì, tí ṣúgà inú rẹ̀ á ki. Wọ́n ń kó àwọn kan ṣáájú nítorí kí kíkan má baà sọnù, ohun tí kì í jẹ́ kó sú ni nìyẹn. Ó dùn bí oyin, òórùn èèpo ọsàn gba ẹnu, lẹ́yìn náà kíkan á gbá gbogbo rẹ̀ lọ, ẹnu á mọ́. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò lẹ́yìn wáìnì aládùn orí tábìlì àríyá á mọ ohun tí mo ń wí.

N kì í lè sọ ti Constantia kí n má sọ ti àwọn tó ro oko. Ẹrú ni wọ́n. Láti Mozambique, Madagascar, Íńdíà àti àwọn erékùṣù Indonesia ni wọ́n ti kó wọn wá. Ọwọ́ wọn ló ká èso tí Napoleon ń mu omi rẹ̀. Òfin fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ ní 1834, ṣùgbọ́n wọ́n tún so wọ́n mọ́ ọ̀gá wọn fún ọdún mẹ́rin sí i, wọ́n ní wọ́n ń kọ́ṣẹ́. Àṣà kan tún wà tí wọ́n ń pè ní dop: wọn á fi wáìnì burúkú san apá kan owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́, ife kan láàárọ̀, òmíràn lọ́sàn-án, òmíràn nírọ̀lẹ́. Òfin ti kà á léèwọ̀. Síbẹ̀ agbègbè Western Cape wà lára ibi tí wọ́n ti rí àwọn ọmọ tí ọtí ṣe ní jàǹbá láti inú oyún jù lọ láyé. Àwọn oníwèé ìpolówó kì í kọ èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán òkè àti òdòdó.

Ìdí rèé tí inú mi fi ń dùn bí mo bá rí Aslina lórí àtẹ. Ntsiki Biyela ló ni ín, ọmọ Súlú láti KwaZulu-Natal, ẹni tí ọ̀pọ̀ ń kà sí obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di olùṣe wáìnì ní Gúúsù Áfíríkà. Ilé iṣẹ́ bàálù South African Airways ló fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Stellenbosch ní 1999. Kò tíì tọ́ wáìnì wò rí kó tó débẹ̀, èdè Afrikaans tí kò gbọ́ ni wọ́n sì fi ń kọ́ni. Ìtọ́wò àkọ́kọ́ kò bá a lára mu rárá, ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fáyé gbọ́. Ní 2004 ó di olùṣe wáìnì ní Stellekaya. Nígbà tó dá tirẹ̀ sílẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ àgbà ló fi sọ ọ́. Chardonnay rẹ̀ ni mo fẹ́ jù: kò sanra, àgbá kò bò ó mọ́lẹ̀, ó kan.

Àwọn ọmọ Zimbabwe mẹ́rin kan náà wà: Joseph Dhafana, Tinashe Nyamudoka, Marlvin Gwese àti Pardon Taguzu. Wọ́n wá ṣiṣẹ́ jẹun ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì di agbọ́tí ní àwọn ilé oúnjẹ ńlá. Ní 2017 wọ́n kóra jọ lọ sí Burgundy fún ìdíje àgbáyé tí wọ́n ti ń di ojú ìgò. Wáìnì 12 ni wọ́n gbé síwájú wọn láìsí orúkọ, kí wọ́n dárúkọ àjàrà, orílẹ̀-èdè, ẹni tó ṣe é àti ọdún ìkórè. Wọ́n ti ṣe fíìmù nípa wọn, Blind Ambition, tó jáde ní 2021. Wọn kò gba ipò kìíní, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ń mu wáìnì láti kékeré ni wọ́n lọ bá figagbága.

Mo gba gbogbo olólùfẹ́ wáìnì níyànjú pé kí wọ́n máa di ojú ìgò nílé. Ọ̀rá dúdú ti tó. Ẹ̀gbọ́n wa kan wà tí kì í mu ohun tí kò bá ti Faransé wá. Lọ́jọ́ kan tí a we gbogbo ìgò, Chenin Swartland ni wọ́n nawọ́ sí léraléra. Nígbà tí a tú ọ̀rá, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Gúúsù Áfíríkà lẹ fẹnu ara yín yàn o." Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Tún un dà, kí n rí i bóyá ìwọ ni o yí i." A tún un dà. Òun náà ni wọ́n mú. Wọ́n ní ọ̀rá ló jẹ̀bi.

Nípa oúnjẹ, ata wa ló ń dájọ́. Ata máa ń jẹ́ kí ọtí inú wáìnì ta ọ̀fun ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì ń mú kí gbígbẹ wáìnì pupa le sí i. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé Cabernet tó lágbára sẹ́gbẹ̀ẹ́ ásun ti dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Chenin tí ṣúgà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ọtí rẹ̀ kò le, tí ó tutù dáadáa, ni kó gbé. Kíkan rẹ̀ máa ń gé ọ̀rá lẹ́nu, ìdí nìyí tó fi bá ẹja díndín àti ẹ̀fọ́ tó pupa lepo lọ. Irú kì í dà á láàmú. Bó bá di àyẹyẹ, ẹ wá Cap Classique, wáìnì tó ń hó, tí ìwúkàrà tún ń ṣiṣẹ́ nínú ìgò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi ti Champagne; Frans Malan ti ilé Simonsig ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú Kaapse Vonkel ti 1971. Pẹ̀lú púfúpúfú gbígbóná, kò sí ohun tí mo mọ̀ tó jù ú lọ.

Kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ "ìwọ̀n ooru yàrá" tàn yín. Yàrá àwọn òyìnbó tó kọ ìyẹn, bóyá ìwọ̀n 17 ni. Yàrá wa láìsí ẹ̀rọ amúlétutù ń lọ sí 30. Ẹ ti wáìnì pupa sínú fìríìjì fún bí ààbọ̀ wákàtí kí ẹ tó dà á. Kí ẹ sì wo ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó rà: ìgò tí wọ́n tò sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ń pa á kò ní ohun tí ẹ ń wá nínú mọ́, pàápàá bí kọ́ọ̀kì rẹ̀ bá ti ń tì síta. Ìgò tó ní ìdérí onílílọ́ kì í ṣe ti tálákà. Kì í ní òórùn páálí tútù tí kọ́ọ̀kì burúkú ń kó bá wáìnì.

Bí ẹ bá ní ẹni tó ń ti Cape Town bọ̀ ní ìgbẹ̀yìn ọdún, ẹ má rán an ní Four Cousins, ó ti wà níbí. Vin de Constance ni kó bá yín mú. Ààbọ̀ lítà péré ni ìgò rẹ̀, kò ní gba àyè. Kó fi aṣọ tó nípọn wé e dáadáa, kó tì í sáàárín ẹrù tó ń lọ sí abẹ́ bàálù, kó sì pa rìsíìtì rẹ̀ mọ́ fún àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù.